FRANK HORNBY: AKỌ̀WÉ OWÓ TÍ Ó KỌ́ ỌMỌDÉ NÍ IṢẸ́ ẸLẸ́RỌ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí àwọn tí ó fẹ́ràn mọ́tò ìṣeré gbé ń ṣe ìpàdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò fi ojú rí lè yà á lẹ́nu. Àgbà ọkùnrin tí irun orí wọn ti funfun ni yóò rí tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan yóò fa páálí kékeré kan yọ láti inú àpò, yóò ṣí i jẹ́jẹ́, yóò sì gbé mọ́tò kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ jáde. Ẹnì kejì yóò gbé páálí tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mọ́tò, ilẹ̀kùn mọ́tò, àga mọ́tò ni ó kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ yóò lọ tò pọ̀ nígbà tí ó bá dé ilé. Wọn yóò máa bi ara wọn léèrè iye tí olúkúlùkù ra tirẹ̀, ibi tí ó ti rí i rà, àti bóyá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ pé.

Ẹlòmíràn lè rò pé eré ọmọdé ni àwọn àgbà wọ̀nyí ń ṣe, kí ó sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá rí tí kò yé wa, ó yẹ kí a wádìí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá tọ ipasẹ̀ mọ́tò ìṣeré àti páálí ohun títò yìí, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà rẹ̀ yóò gbé wa dé ìlú Liverpool, sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Hornby. Ọkùnrin náà kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Akọ̀wé tí ń ṣírò owó ẹran ni. Síbẹ̀, òun ni ó dá Meccano sílẹ̀, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ ojú irin ìṣeré Hornby, láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ni mọ́tò kéékèèké tí a mọ̀ sí Dinky Toys ti jáde.

Bí a ti ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn. Mọ́tò ìṣeré tí a rà ní ṣíṣe parí, àti èyí tí a rà ní wẹ́wẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa tò, èwo ni ó ṣe ọmọ ènìyàn láǹfààní jù? Hornby ta méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí ìtàn ayé rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1863 ni a bí Frank Hornby ní òpópó Copperas Hill ní ìlú Liverpool. Liverpool kì í ṣe àjèjì sí etí àwa ará Nàìjíríà, nítorí pé láti èbúté rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ti máa ń gbé èrò àti ẹrù wá sí Èkó láyé àtijọ́. Ìlú òwò ni, ìlú ọkọ̀ òkun ni, ìlú tí kéréènì tí ń gbé ẹrù wúwo dúró sí létí omi bí igi inú igbó. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìmọ afárá, kò sì lè ṣàìmọ ọkọ̀ ojú irin. John Oswald Hornby ni orúkọ bàbá rẹ̀, oníṣòwò oúnjẹ sì ni. Martha ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Frank wà ní èwe, ìwé kan tí Samuel Smiles kọ, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Self-Help, bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwé náà kún fún ìtàn àwọn ènìyàn tí wọn kò ní bàbá olówó, tí wọn kò sì ní alágbàwí, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìfaradà àti iṣẹ́ àṣekára hùmọ̀ ohun tí ayé ń lò. Ìtàn wọ̀nyí wọ ọmọ náà lára púpọ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ tirẹ̀. Ó tilẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀rọ kan tí yóò máa yí títí láé láìsí ohunkóhun tí ń tì í, èyí tí gbogbo onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìjákulẹ̀ yìí kò mú kí ó káwọ́ gbera. Bí èyí bá kọ̀, yóò tún gbé òmíràn dé.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó sì bọ́ sí ẹnu òwò bàbá rẹ̀. Owó ni wọ́n fi í ṣọ́. Iṣẹ́ yìí ni ó sì ń ṣe fún ogún ọdún gbáko, tí kò sí ẹni tí ó lè fura pé ọkùnrin náà yóò dá ohunkóhun sílẹ̀.

ỌKỌ ÌYÀWÓ, BÀBÁ ỌMỌ

Ní oṣù Kìíní ọdún 1887, ó gbé olùkọ́ ilé ìwé kan tí ń jẹ́ Emma Godefroy níyàwó. Ọlọ́run fi ọmọkùnrin méjì, Roland àti Douglas, ta wọ́n lọ́rẹ, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Patricia. Ní 1899, bàbá Frank kú, òwò tí ó fi sílẹ̀ sì kógbá wọlé. Ọkùnrin tí ó ti sún mọ́ ogójì ọdún, tí aya àti ọmọ ń wo ojú rẹ̀, ní láti lọ wá iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀gbẹ́ni David Hugh Elliott, tí ń kó ẹran wọ Liverpool láti òkè òkun, ni ó gbà á sí iṣẹ́ akọ̀wé owó.

Ní àsìkò kan náà yìí ni iṣẹ́ kan tún bẹ̀rẹ̀ ní ilé rẹ̀. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́, Hornby a máa wọ yàrá kékeré tí ó kó irinṣẹ́ sí, a máa fi páànù àti bàbà pẹlẹbẹ gé ohun ìṣeré fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ó ṣe afárá fún wọn, ó ṣe ọkọ̀ ẹrù, ó sì ṣe kéréènì. Inú àwọn ọmọ dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pọ̀ fún bàbá. Bí ó bá ṣe kéréènì tán, tí àwọn ọmọ ṣeré sú, tí wọ́n ní afárá ni àwọn tún ń fẹ́, yóò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbogbo nǹkan láti ìpìlẹ̀. Kéréènì àná á di pàǹtírí lẹ́yìn ilé.

Bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ nígbà tí ó ti di olókìkí, inú ọkọ̀ ojú irin ni ó wà ní àsìkò Kérésìmesì kan, tí ń lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, tí ó fi ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn nìyí: kí ni kò jẹ́ kí a gé ègé irin tí gbogbo wọn bá ara wọn mu, tí a lè fi ṣe kéréènì lónìí, kí a tú u palẹ̀, kí a sì fi irin kan náà ṣe afárá lọ́la?

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Hornby gé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dá ihò sí wọn lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdajì íǹṣì ni ó wà láàárín ihò kan àti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára gbogbo ègé irin, ìbáà gùn, ìbáà kúrú. Nítorí náà, kò sí ègé méjì tí a gbé lé ara wọn tí ihò wọn kò ní ṣe déédéé. Ihò kan náà tí bóòtù ń gbà kọjá ni ọ̀pá ẹsẹ̀ mọ́tò náà ń gbà kọjá. Bí a bá fi nọ́ọ̀tì dè é, ó dúró gírígírí. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì, irin náà padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò bàjẹ́, kò sì dín. Ohun gbogbo tí Hornby ṣe lẹ́yìn èyí, orí ihò wọ̀nyí ni ó gbé e kà.

PỌ́N-ÙN 5 TÍ Ó YÁ

Hornby mọ̀ pé bí òun kò bá gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun tí òun hùmọ̀, ẹlòmíràn yóò jí i ṣe. Ṣùgbọ́n owó ìwé àṣẹ kò sí lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọ̀dọ̀ Elliott ọ̀gá rẹ̀ ni ó lọ, ó yá pọ́n-ùn 5, ó sì gba ìwé àṣẹ náà ní oṣù Kìíní ọdún 1901. Elliott bá a dá òwò náà pọ̀.

Ní 1902 ni páálí àkọ́kọ́ dé ọjà. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Mechanics Made Easy, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ẹ̀rọ di ìrọ̀rùn. Oríṣi ègé 16 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí ó ń fi ohun 12 tí a lè tò han ọmọdé. Ṣílè 7 àti sísì kan ni wọ́n ń tà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé owó kékeré ni, nítorí pé ní ayé ìgbà náà ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí lébìrà ń gbà lọ́sẹ̀. Páànù tínrín ni ègé wọn nígbà náà, ojú rẹ̀ kò sì fani mọ́ra tó. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò tètè gbà á.

Ẹni tí ó gbè é níjà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Hele-Shaw, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Liverpool. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí wo ihò àti bóòtù wọ̀nyí, ó rí i pé ìlànà kan náà tí àwọn ẹlẹ́rọ fi ń kọ́ afárá ńlá ni ó wà nínú ohun ìṣeré náà, ó sì jẹ́rìí sí i. Èyí yẹ kí ó dùn mọ́ àwa tí a wà ní yunifásítì nínú. Ọ̀mọ̀wé kan kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ akọ̀wé nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí.

Síbẹ̀, ọjà kò yá kíákíá. Ó di 1906, ọdún kẹrin lẹ́yìn tí páálí àkọ́kọ́ jáde, kí èrè kékeré tó wọlé. Ní gbogbo àkókò yìí, Hornby kò fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Ní 1907 ó fi orúkọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, Meccano, ó sì fi iṣẹ́ ẹran sílẹ̀. Ní 1908, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Meccano Limited sílẹ̀. Elliott yàn láti má bá a lọ mọ́, gbogbo rẹ̀ sì di ti Hornby nìkan. Ẹni tí ó yá ni ní pọ́n-ùn 5 kò bá wa débi tí ó ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Bí ayé ti rí nìyẹn.

ÌDÀGBÀSÓKÈ MECCANO

Láti ìgbà náà lọ ni okòwò náà ń gbèrú. Ní 1912 wọ́n ní ẹ̀ka ní Paris, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Berlin. Ní 1914 ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Binns Road ní Liverpool ṣí. Ọdún yẹn kan náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ka tí ó wà ní Jámánì sì bọ́ mọ́ Hornby lọ́wọ́.

Bí wọ́n ti ń ta Meccano jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn páálí náà, èyí tí ó kéré ni ó ní nọ́ńbà kékeré. Láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, wọ́n ń ta páálí àfikún. Ọmọ tí ó bá ní páálí 1, tí ó ra páálí 1A lé e, ti ní gbogbo ohun tí ó wà nínú páálí 2. Bí ó bá tún ra 2A, ó di ẹni tí ó ní páálí 3. Kò sí ègé kan tí ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ mọ́ pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá ti ń tò ó ni ìwé inú rẹ̀ ń fi ohun tí ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn án, tí ègé tí ó ní kò tó láti ṣe. Ọgbọ́n ẹ̀kọ́ ni, ọgbọ́n òwò sì ni. Akọ̀wé owó kì í gbàgbé ìṣirò.

ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀTI ẸGBẸ́

Ní 1916 ni Meccano Magazine bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìwé pélébé ni níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó di ìwé ìròyìn oṣooṣù tí àwọn ọmọdé ń retí bí ẹni ń retí oúnjẹ. Ìròyìn afárá tuntun ń bẹ nínú rẹ̀, ti ọkọ̀ òfuurufú ń bẹ níbẹ̀, àwòrán ohun tí àwọn òǹkàwé tò ń bẹ níbẹ̀, ìpolówó páálí tuntun kò sì gbẹ́yìn. Ní 1919 wọ́n dá ẹgbẹ́ Meccano Guild sílẹ̀. Wọ́n ní báàjì, wọ́n ní òfin, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní ìlú púpọ̀. Ní ìpàdé wọn, àwọn ọmọ ń gbé ohun tí wọ́n tò wá, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà han ara wọn, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn ní ọ̀nà tí a fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí yìí gan-an ni àwọn àgbà tí a rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ohun ìṣeré ti wà tipẹ́ kí Hornby tó wá. Ohun tí ó fi kún un ni pé kí olùfẹ́ ohun ìṣeré má ṣe dá nìkan wà. Ó sọ ọmọ tí ń dá tò ó nínú yàrá di ara ẹgbẹ́ kan tí ó ní ojúgbà ní ìlú tí kò dé rí.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí a kò bá sọ àbùkù inú rẹ̀ kò tíì pé. Ọmọkùnrin ni gbogbo ìpolówó Meccano ń bá sọ̀rọ̀. Àwòrán ọmọkùnrin ni ó wà lójú páálí, ọmọkùnrin ni ìwé ìròyìn ń pè. Ọmọbìnrin tí ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ ní láti yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, bí ẹ̀gbọ́n náà bá gbà. A kò lè mọ iye ẹlẹ́rọ tí ayé pàdánù lọ́nà bẹ́ẹ̀.

ỌKỌ̀ OJÚ IRIN ÀTI MỌ́TÒ

Kí ogun tó bẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, láti Jámánì ni ó ti ń wá. Nígbà tí ogun parí, àyè ṣí sílẹ̀, Hornby sì bọ́ sí i. Ní 1920 ó gbé ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ jáde, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bí ẹni ń yí aago. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi to àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí pọ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ lè tú u palẹ̀, kí ó sì tún un tò. Èrò ọkùnrin náà kò tíì yí padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí i, mọ́tò ti gba ojú ọ̀nà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni gbogbo ọmọdé sì ń lá lálàá. Meccano gbé páálí kan jáde tí wọ́n pè ní Motor Car Constructor. Ara mọ́tò ní wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, pákó ẹsẹ̀, àga, àti ẹ̀rọ tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí. Nínú páálí kan ṣoṣo, ọmọ lè to mọ́tò eré ìje, kí ó tú u, kí ó sì to mọ́tò olówó tí ó ní òrùlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá bàbá ńlá páálí mọ́tò títò tí àwọn ènìyàn ń rà lónìí, èyí kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ni. Ọmọ olówó ni ó ń rí i rà.

Ní ìparí ọdún 1933, ohun mìíràn jáde láti Binns Road. Ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe àwọn ère kéékèèké, bí òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ẹran ọ̀sìn, tí a ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin Hornby kí ó lè dà bí ìlú. Nísinsìnyí wọ́n fi ọkọ̀ 6 kún un: mọ́tò eré ìje kékeré, èyí tí ó ní òrùlé, ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ tí ń gbé ọjà kiri, katakata oko, àti ọkọ̀ ogun. Ní 1934, wọ́n sọ wọ́n ní Dinky Toys. Irin yíyọ́ ni wọ́n dà sínú àpẹẹrẹ láti ṣe wọ́n. Kò sí bóòtù, kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí ihò. Ohun tí ó bá ti jáde bí mọ́tò yóò jẹ́ mọ́tò títí ayé.

Àwọn tí wọ́n ṣe é rò pé ìránṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni mọ́tò wọ̀nyí yóò jẹ́. Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ fi ju ọ̀gá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹyọ kan kò tó ṣílè kan. Ọmọ òṣìṣẹ́ tí kò lè fojú kan páálí Meccano ńlá lè tọ́jú kọ́bọ̀ rẹ̀ kí ó sì ra mọ́tò kan lọ́jọ́ Sátidé. Bí ó ti ń rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń tò ó sórí pákó, tí ó ń pa á pọ̀, tí ó ń fi èyí tí ó ní méjì ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Báyìí ni àṣà kíkó mọ́tò kékeré jọ ṣe ràn bí iná ọyẹ́.

ÒṢÈLÚ ÀTI IKÚ RẸ̀

Nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, Hornby fúnra rẹ̀ ti fi àbójútó ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ó ti di olówó ńlá, ó sì ń gbé ní Maghull, ní ẹ̀bá Liverpool. Ní 1931 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative, láti ṣojú Everton, àdúgbò kan ní Liverpool. Kò dúró fún ìbò ọdún 1935. Àìsàn ọkàn ń bá a jà, àtọ̀gbẹ sì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1936, ó jáde láyé ní ẹni ọdún 73. Roland ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tìtorí wọn gé páànù ní ọjọ́sí, ni ó jókòó sí ipò rẹ̀.

LẸ́YÌN IKÚ RẸ̀

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Dinky Toys tún gbilẹ̀, ṣùgbọ́n orogún dìde sí i. Matchbox dé ní 1953 pẹ̀lú mọ́tò tí ó tún kéré tí ó sì dínwó. Corgi dé ní 1956 pẹ̀lú mọ́tò tí ó ní gíláàsì lójú fèrèsé. Nínú ohun títò, ike bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò irin. Airfix ń ta mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú oníke ní wẹ́wẹ́, tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí a sì ń kùn ní ọ̀dà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì jọ mọ́tò gidi ju ti Meccano lọ. Ṣùgbọ́n bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, ó parí. Kò sí ẹni tí yóò tú u mọ́.

Ní 1964, ilé iṣẹ́ Lines Bros ra Meccano. Nígbà tí Lines Bros náà wó ní 1971, Airfix ni ó ra Meccano. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979, Airfix ti ilẹ̀kùn Binns Road. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà, wọ́n dúró sínú ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní 1981, Airfix pẹ̀lú wó lulẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi di 2006, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ń jẹ́ orúkọ Hornby fi rà á. Ẹni tí ó ra Meccano tí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà di ohun ìní orúkọ Hornby. Ayé ń yí bí ẹsẹ̀ mọ́tò.

ÌDÁHÙN ÌBÉÈRÈ WA

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn mọ́tò Dinky tí wọ́n ṣe kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ọ̀pọ̀ ni àrùn kan ń ṣe. Irin tí wọ́n fi dà wọ́n, tí sínkì pọ̀ nínú rẹ̀, ní ẹ̀gbin bí òjé díẹ̀ nínú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ara irin náà ń sán, ó ń wú, ó sì ń rún wẹ́wẹ́ lójú ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó ra ọ̀kan ní owó gọbọi, tí ó fi pamọ́ sínú páálí tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, lè ṣí páálí lọ́jọ́ kan kí ó bá eruku. Ṣùgbọ́n ègé Meccano tí bàbá bàbá ẹni lò, bí a bá nu ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, bóòtù ṣì ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá, ó sì ṣì lè di kéréènì lọ́wọ́ ọmọ tí a bí lánàá.

Èmi kò sọ pé Dinky kò dára. Òun ni ó jẹ́ kí ọmọ tálákà ní mọ́tò tirẹ̀, oore ńlá sì ni. Mi ò sì bá àwọn àgbà tí ń kó mọ́tò jọ wí, nítorí pé ẹni tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ ń tọ́jú ìtàn. Ohun tí mo rí nínú ìgbésí ayé Hornby ni pé ìwúlò ohun ìṣeré kò sí nínú páálí, ọwọ́ ẹni tí ń lò ó ni ó wà. Páálí tí a rà tí a kò ṣí, tí a kàn gbé wá sí ìpàdé láti fi yangàn pé a rà á, kò yàtọ̀ sí ìwé tí a tò sórí pẹpẹ tí a kò kà. Bí Hornby bá rí i, bóyá akọ̀wé owó inú rẹ̀ yóò yọ̀ pé ọjà tà. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ń fi alẹ́ gé páànù fún Roland àti Douglas kò ní yọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́. Hornby ti lé ní ẹni ọdún 35 kí ó tó rí ohun tí ó ń wá láti èwe. Ó ti gbìyànjú, ó ti kùnà, bàbá rẹ̀ ti kú, òwò ti bàjẹ́, ó sì ti di òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ibi tí ó ga ni ó ti rí ọgbọ́n náà, ibi tí ó ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré ni. Kí ẹni tí ó bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan nínú wa rántí ègé irin onihò. Ohun tí a tú palẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó bàjẹ́, a lè fi í to nǹkan mìíràn.